Báwo ni rédà ṣe ń dá ọkọ̀ mọ̀ láàárín ìgbì òkun?

Rédà ń ju ìgbì rédíò sójú òkun, ó sì ń gba èyí tó bá ta padà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé omi tó ń ru náà ń ta á padà, ó sì lè bo ọkọ̀ pákó kékeré mọ́lẹ̀.

Eré la fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tó bá ń sún mọ́ rédà máa ń jẹ́ kí ìgbì rédíò tó padà gbọ̀n yára sí i. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: ìgbì rédíò gùn ní mítà 0.03, ọkọ̀ ń bọ̀ ní mítà 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí àlọ àti àbọ̀, 6 × 2 ÷ 0.03 = 400 Hz. Ti ìgbì omi tó ń bọ̀ ní mítà 1 kò ju nǹkan bíi 67 lọ.

Kọ̀ǹpútà á to gbogbo ẹ̀ bí eré wọn ṣe rí, á fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé àwọn tó wà nítòsí ẹ̀. Èyí tó bá ta wọ́n yọ gan-an ló máa pè ní ọkọ̀. Bí òdiwọ̀n yẹn bá ga jù, ọkọ̀ kékeré á sọnù. Bó bá rẹlẹ̀ jù, gbogbo ìgbì omi á di ọkọ̀.

Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kú, tí omi kàn ń gbé lọ, ló wá le jù láti rí: eré ẹ̀ àti ti omi ti di ọ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà nínú ẹ̀ gan-an ló nílò ìrànlọ́wọ́. Ìdí nìyí tó fi dáa kí ọkọ̀ pákó gbé irin tó ń dá ìgbì rédà padà kọ́ sókè.