Ibi Tí Àtùpà Bá Jókòó Sí

Òkùnkùn ò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Bóyá ni ibì kan wà tí òwe yìí ti bá ilẹ̀ mu tó Ìsàlẹ̀ Èkó, ní àyíká Ìga Ìdúngànrán, ààfin ọba Èkó, níbi tí olóyè onífìlà funfun ti lè yọ sí yín láti ìkòríta èyíkéyìí. Lọ́sàn-án, ọmọdé tó bá rí i á yà fún un, á sì kí i bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n mú iná lọ, kí àwọn ọ̀nà tóóró ibẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ ó rí i tí èjìká á gbún èjìká, tí ohùn kan á sì béèrè pé, "Ìwọ ta nìyẹn?" Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ti béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tó bàbá bàbá rẹ̀. Òwe yìí ni òṣùwọ̀n mi nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè irú iná tó yẹ kí òun gbé sí ibi ìdáná àti ibi ìjẹun tó wà níta. Mo máa ń ní kó kọ́kọ́ sọ fún mi, ta ló fẹ́ bọ̀wọ̀ fún níbẹ̀? Bó bá dárúkọ àlejò nìkan, mo mọ̀ pé ó ti gbàgbé alásè.

Ìlú tí wọ́n kọ́ ààfin rẹ̀ sórí oko ata kò gbọ́dọ̀ gbàgbé alásè. Oko ata olóyè kan tó ń jẹ́ Arómirẹ ni ilẹ̀ Ìga tẹ́lẹ̀, ata náà ló sì wà nínú orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ní àdúgbò yìí, ìta ni àsè ńlá ti ń wáyé, torí pé ilé fún mọ́ra, yàrá ìdáná kò sì gba ìkòkò tí èèyàn méjì ń gbé. Bí ìnáwó bá ku ọ̀la, àwọn alásè á to àdògán sí àgbàlá. Bí àgbàlá kò bá gbà wọ́n, wọ́n á tò ó sí ẹ̀gbẹ́ títì. Wọ́n á bọ ẹran, wọ́n á dín ẹja, wọ́n á ro ọbẹ̀, ilẹ̀ á sì mọ́ bá wọn lẹ́nu rẹ̀. Oòrùn Èkó kì í sì pẹ́ wọ̀: láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ àti aago méje kọjá díẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀rùn àti lójò. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí àlejò máa torí rẹ̀ yin onínàáwó, òru ni wọ́n ti ṣe é.

Mo rántí òru kan báyìí, nígbà ìsìnkú ìyá ìyá mi. Ọmọ ẹbí kan tó láájò ra iná halogen ràbàtà kan, ó sì gbé e kọ́ sókè ògiri, lẹ́yìn ibi tí wọ́n to ìkòkò sí. Nígbà tó tàn, gbogbo wa pàtẹ́wọ́, torí àgbàlá mọ́ bí ọ̀sán. Ṣùgbọ́n àwọn alásè kẹ́yìn sí iná náà, wọ́n kọjú sí ìkòkò, òjìji ara wọn ló wá bo ẹnu ìkòkò. Ìyá tó jẹ́ ọ̀gá wọn ń fi imú àti ọwọ́ ṣe iṣẹ́ ojú. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, wọ́n ní kí ọmọbìnrin kan gbé abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná lọ síwájú ilé. Ojú ọmọ náà ti kún fún ìmọ́lẹ̀ yẹn. Bó ṣe jáde kúrò níbi tó mọ́lẹ̀, kò rí gọ́tà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọ inú rẹ̀, ọbẹ̀ sì dà sí i lápá. Àpá iná náà wà lára rẹ̀ dòní. Mi ò lè rí i kí n má rántí pé àwa tí a pàtẹ́wọ́ ló yẹ kí a ti ronú. Iná wa pọ̀. Ibi tí a gbé e kọ́ sí ló ṣe wá.

Àwọn tó ń pàtẹ lálẹ́ nígbà àwọn ìyá wa kò lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Iná mànàmáná ti dé Èkó láti ọdún 1896, ilé iṣẹ́ tó ń pèsè rẹ̀ ní Ìjọrá sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1923, síbẹ̀ ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn ìyẹn tí àtùpà alágolo ṣì jẹ́ iná alákàrà àti ẹlẹ́ja díndín: agolo mílíìkì, òwú, àti kẹrosíìnì. Alákàrà á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ, nísàlẹ̀, níwájú ara rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan, àmọ́ ó dé orí àkàrà, ó dé ara owó tí wọ́n ń kà, ó sì dé ojú ẹni tó ń tà, kí oníbàárà lè mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn alákàrà ni òjìji rẹ̀ ń ṣubú sí, kì í ṣubú sínú agbada. Mi ò sọ pé kí a padà sí kẹrosíìnì. Èéfín rẹ̀ kò dára fún àyà, jàǹbá tó sì ti ṣe nínú ilé àwọn èèyàn wa pọ̀. Ibi tí ìyá yẹn gbé àtùpà rẹ̀ sí ni mo fẹ́ kí a kọ́.

Nítorí náà, iwájú alásè tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ gbé iná rẹ̀ sí. Ó sàn kí ó jẹ́ méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí èyí lè pa òjìji tí ìyẹn bá dá. Kó ga díẹ̀ ju orí ẹni tó dúró lọ, bíi mítà méjì àti díẹ̀. Ẹ má gbé e kọ́ sí ọ̀gangan òkè àdògán. Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, kò ṣeé fi pamọ́. Èéfín igi ìdáná pẹ̀lú ní ìwà tirẹ̀, òkè tààrà ló ń lọ, gílóòbù tó bá sì pàdé lọ́nà á ti dúdú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ooru tún burú fún LED ju èéfín lọ. Ẹ̀rọ kékeré tó wà ní ìdí gílóòbù, èyí tó ń sọ iná mànàmáná di irú èyí tí LED lè lò, òun ni ooru máa ń kọ́kọ́ pa. Ẹ sún iná kúrò ní mítà kan, ó kéré tán, sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ooru ń gbà lọ sókè.

Ní ti bí yóò ṣe mọ́lẹ̀ tó, nọ́ńbà lumen tó wà lára páálí ni kí ẹ wò. Wáàtì ń sọ iye iná tó ń jẹ. Lumen ló ń sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó ń mú wá. Gílóòbù àtijọ́ tó jẹ́ wáàtì 60 ń mú nǹkan bíi lumen 800 wá, LED wáàtì 9 sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ fi ojú ìnáwó wò ó: mẹ́wàá nínú ti àtijọ́ á jẹ wáàtì 600, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo agbára jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I pass my neighbour", mẹ́wàá nínú LED kò ju 90 lọ. Inverter kékeré kan lè gbé ìyẹn mọ́júmọ́ láìpariwo. Gílóòbù tí wọ́n kọ 85 sí 265 volt sí lára ni kí ẹ mú, nítorí iná tiwa ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí, ó sì ká mi lára. Lára páálí kan náà, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí K tẹ̀lé. Èyí tó kún ọjà jù ni 6500K, ìmọ́lẹ̀ funfun tó ń bọ́ sí búlúù. Ó tàn yẹ̀yẹ̀, ó sì ń wu olùrà ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ẹ gbé e sórí ọbẹ̀ ata kí ẹ wò ó: ata á ṣá, epo á dà bí ẹni pé ó ti sùn mọ́jú, ojú àwọn tó jókòó á sì dà bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. 2700K tàbí 3000K sún mọ́ àwọ̀ àtùpà, pupa epo sì ń jáde nínú rẹ̀. Nọ́ńbà kejì ni Ra, tí àwọn mìíràn ń kọ ní CRI. Ó ń sọ bí àwọ̀ nǹkan ṣe hàn lábẹ́ iná náà bó ṣe yẹ kó hàn, 100 sì ni òpin rẹ̀. Gílóòbù tí Ra rẹ̀ kò tó 80 kò yẹ fún ibi tí wọ́n ti ń se ẹran, torí alásè gbọ́dọ̀ lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nídìí egungun. Bí ẹ bá rí 90, ẹ san owó lé e. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Àwọn kan ń fi 4000K sídìí ìkòkò, wọ́n ń fi 2700K sórí tábìlì, ìyẹn náà dára. Bó bá jẹ́ oríṣi kan ṣoṣo ni apá yín ká, 3000K ni kí ẹ rà.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ń jẹun fẹ́ rí oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún fẹ́ rí ojú ẹni tó ń bá jẹun, kó mọ ìgbà tí ó ń rẹ́rìn-ín àti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti dùn ún. Iná tó bá wà ní ọ̀gangan òkè orí kì í jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. Ó ń da òjìji sínú ihò ojú, ó ń sọ arẹwà di arúgbó. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí ó kọ́kọ́ lu ògiri kó tó dé ara èèyàn, tàbí kí ẹ fa okùn gílóòbù wẹ́wẹ́ yí ògiri àgbàlá ká. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ni pé kí ẹni tó jókòó gbójú sókè, kí gílóòbù ìhòòhò ṣe é lójú gbà. Pàápàá àwọn àgbàlagbà, tí ojú wọn kò tètè bọ̀ sípò mọ́.

Àfòpiná tó ní òun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa, ṣùgbọ́n inú àwo ẹlòmíràn ló máa ń kú sí. Kòkòrò ń rí ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sí búlúù ju èyí tó pọ́n lọ, wọ́n sì ń wọ́ tọ̀ ọ́. Ìdí mìíràn nìyẹn tí iná tábìlì fi yẹ kó pọ́n. Bí ẹ bá ti ra 6500K, ẹ má jù ú nù: ẹ gbé e kọ́ sí igun tó jìnnà, kó máa pe kòkòrò lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀nà tó wà láàárín àdògán àti tábìlì. Gílóòbù kékeré kan nísàlẹ̀, nídìí àtẹ̀gùn àti létí gọ́tà, ì bá ti gba apá ọmọ yẹn là. Kí ẹ sì da ojú iná tó bá lágbára kọlẹ̀; ní Ìsàlẹ̀ Èkó, fèrèsé aládùúgbò kò ju ìnà ọwọ́ lọ. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ má jẹ́ kí iná tiyín jẹ́ hùrùhẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó máa jí lọ síbi iṣẹ́.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Iná mànàmáná tó wà níta, pẹ̀lú òjò, pẹ̀lú omi ìfọbọ́, iná orí òrùlé ni. Ibi tí òjò ti ń lù tààrà, iná tí wọ́n kọ IP65 sí lára ni kí ẹ rà. Lábẹ́ òrùlé tí omi lè ta sí, IP44 tó. Ọ̀sà yí erékùṣù yìí ká, atẹ́gùn rẹ̀ ń jẹ irin, torí náà idẹ tàbí ike tó nípọn ló ń pẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n so wáyà pọ̀ pẹ̀lú téèpù kí wọ́n sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ń gbà. Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná fi breaker tó ń já bí iná tó ń jò bá ti tó mílíámpù 30 sí i. Òun ló ń gé iná kó tó pa èèyàn. Ní ti jẹnẹrétọ̀, mo bẹ yín: kò gbọ́dọ̀ wọ àgbàlá tí ògiri yí ká, kódà bí òjò ń rọ̀. Èéfín rẹ̀ ní carbon monoxide nínú, tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tó sì ń pa odindi ẹbí sójú oorun. Ìta pátápátá ni kó wà, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú kúrò ní fèrèsé gbogbo ilé.

Àwọn tó ń ra sólà fún irú àgbàlá yìí ń pàdánù owó bí wọn kò bá ronú. Àtùpà sólà tí páànẹ́lì wà lórí ara rẹ̀ fẹ́ oòrùn gbogbo ọjọ́, ṣùgbọ́n àgbàlá tí ilé alájà mẹ́ta, mẹ́rin yí ká kì í rí ju oòrùn wákàtí díẹ̀ lọ, ní ọ̀sán gangan. Èyí tí páànẹ́lì rẹ̀ dá wà ni kí ẹ rà, kí ẹ gbé páànẹ́lì sórí òrùlé, kí wáyà sọ̀ kalẹ̀. Nínú òjò oṣù kẹfà àti oṣù keje, kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan.

Ọ̀sán la ti ń wá ewúrẹ́ dúdú. Bí àsè bá ku ọjọ́ méjì, ẹ tan gbogbo iná lẹ́yìn aago méje alẹ́. Ẹ gbé ìkòkò ka orí àdògán, kí ẹ ju ata rodo kan sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ dúró síbi tí alásè máa dúró sí. Bí ẹ kò bá rí ata náà láìbẹ̀rẹ̀, ẹ sún iná. Ẹ jókòó sídìí tábìlì, kí ẹnì kan jókòó dojú kọ yín. Bí ojú rẹ̀ kò bá hàn, ẹ sún iná. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi kún abọ́ dé ẹnu, kí ẹ gbé e láti ìdí ìkòkò títí dé iwájú ilé, lọ́nà tí ọmọ yẹn gbà. Níbi tí omi bá ti dà, gílóòbù kan ṣì kù níbẹ̀.