Ẹ Yẹ Ìtọ́kasí Yín Wò Kí Ẹ Tó Fi Iṣẹ́ Ránṣẹ́ sí Jọ́nà

Ẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tọ́ka sí ìwé kankan tó jẹ́ pé ẹnu ẹ̀rọ AI nìkan lẹ ti gbọ́ ọ.

Láti òpin oṣù kọkànlá ọdún 2022 tí OpenAI ti gbé ChatGPT jáde ni ọ̀pọ̀ olùwádìí ti sọ ọ́ di akọ̀wé. Bó bá ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì yín ló ń bá yín tún ṣe, tí jọ́nà fàyè gbà á, tí ẹ sì sọ fún wọn, n kò rí ẹ̀bi níbẹ̀. Ibi tó ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni ibi tí a ti ní kó wá ẹ̀rí fún wa. Ó lè mú orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà láyé, jọ́nà tó wà lóòótọ́, ọdún àti ojú-ìwé, kó fi wọ́n bo àpilẹ̀kọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí. Ẹni tí ìgbéga ń kán lójú lè máà fura.

Tiwa tí à ń ṣiṣẹ́ lórí Yorùbá ló ń dùn mí jù. Ẹ ní kó ki ẹsẹ Ifá kan fún yín látinú odù Òdí Méjì. Ó lè kì í, kí orúkọ awo wà níbẹ̀, kí ẹbọ wà níbẹ̀, kó sì jẹ́ pé kò sí babaláwo tó kì í bẹ́ẹ̀ rí. Bí irú rẹ̀ bá wọ jọ́nà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á gbà á gbọ́. Ẹsẹ tí ẹ kò bá rí nínú ìwé Wándé Abímbọ́lá, ti William Bascom tàbí ti onímọ̀ mìíràn, tí ẹ kò sì gbà sílẹ̀ lẹ́nu babaláwo tí ẹ lè dárúkọ, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ẹ má sì rò pé ìjẹ́wọ́ pé ẹ lo AI nìkan tó. Ní oṣù kejì ọdún 2024, jọ́nà Frontiers in Cell and Developmental Biology tẹ àwòrán eku kan jáde tí ẹ̀yà ara akọ rẹ̀ tóbi kọjá bó ṣe yẹ, tí ọ̀rọ̀ tó wà lára àwòrán náà kò sì nítumọ̀. Àwọn òǹkọ̀wé ti sọ pé Midjourney, ẹ̀rọ AI tó ń yàwòrán, ló yà á. Síbẹ̀, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi fa àpilẹ̀kọ náà padà. Ìgbìmọ̀ COPE, tó ń rí sí ìwà tó tọ́ nínú títẹ iṣẹ́ ìwádìí, ti sọ ọ́ láti ọdún 2023 pé AI kò lè jẹ́ òǹkọ̀wé, torí kò lè jíhìn iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí wọ́n fún ní iṣẹ́ ẹlòmíràn láti yẹ̀ wò, ẹ má dà á sínú ẹ̀rọ AI wọ̀nyí. Àṣírí oníṣẹ́ ni.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ má fi irinṣẹ́ tó ń ṣàwárí iṣẹ́ AI nìkan dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ní 2023, àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford fi irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ méje wo àròkọ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì TOEFL 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ. Ní ìpíndọ́gba, irinṣẹ́ wọ̀nyí ní AI ló kọ ohun tó ju ìdajì lọ, bẹ́ẹ̀ ènìyàn ló kọ gbogbo rẹ̀. Ọmọ wa ni irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń bá. Bí ẹ bá fura sí ẹnìkan, ẹ ní kó kó àkọsílẹ̀ ìwádìí rẹ̀ wá, kó ṣàlàyé bó ṣe ṣe é.

Ẹni tó bá sì ti tẹ ìtọ́kasí ayédèrú jáde, kó kọ̀wé sí olóòtú lónìí, kó tọrọ àtúnṣe, kí ẹlòmíràn tó fi ti iṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn.