Èwo Nínú Ìdánìkanwà Kòríà Lẹ Fẹ́ Sọ?

Òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ẹ ní ọ̀rọ̀ Kòríà mẹ́rin yìí, oeropda, sseulsseulhada, heojeonhada àti godok, ń rú yín lójú, torí pé ìdánìkanwà náà ni wọ́n ń pe gbogbo wọn nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ fíìmù. Ẹ wá bèèrè èwo ló wúwo jù. Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń ṣì yín lọ́nà. Kì í ṣe bí ìbànújẹ́ ṣe pọ̀ tó ni ará Kòríà fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀, ohun tí kò sí níbẹ̀ ni. Ẹni tó bá ní òun oeropda, èèyàn ló ń wá: kò rí ẹni fẹ̀yìn tì. Heojeonhada ní tirẹ̀ máa ń dé nígbà tí ohun tó ti mọ́ni lára bá kúrò. Ìyá tí ọmọkùnrin rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ológun tó jẹ́ dandan níbẹ̀ lè sọ ọ́ bó ti ń wo yàrá ọmọ náà. Ẹni tó bọ́ òrùka tó ti wọ̀ pẹ́ lè sọ pé ìka òun heojeonhada. Ìka kì í wá ọ̀rẹ́, nítorí náà oeropda kò lè dúró níbẹ̀.

Ẹnìkan lè ní ká ṣí ìwé atúmọ̀ èdè tí ìjọba Kòríà ṣe, nítorí sseulsseulhada ni wọ́n fi túmọ̀ oeropda níbẹ̀, oeropda ni wọ́n sì fi túmọ̀ sseulsseulhada. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìtumọ̀ kan tí sseulsseulhada ní nínú ìwé kan náà kò kan ọkàn rárá, ojú ọjọ́ tó tutù tó sì ṣú dùdù ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó fún àsìkò tí ewé ń wọ́, àti fún òpópónà tí èrò ti tú kúrò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò sọ pé ojú ọjọ́ oeropda. Sseulsseulhada náà ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ eré tẹlifíṣọ̀n Goblin ti ọdún 2016 lédè Kòríà, ó sì bá akọni tó ti lo ju 900 ọdún láyé mu: gbogbo ayé ló tutù mọ́ ọn lára.

Godok, ọ̀rọ̀ tó ti èdè Ṣáínà wọlé, ló le díẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn ń gbádùn godok, àwọn kan sì gbà pé ó dára nìyẹn. Ṣùgbọ́n òun náà ló wà nínú godoksa, ikú ẹni tó kú sílé láìsí ẹni tó mọ̀, èyí tí wọ́n ṣe òfin lé lórí lọ́dún 2020. Dídá wà lásán ni godok ń sọ, yálà ó dùn tàbí ó korò.

Ẹ má fi uulhada kún wọn. Ọkàn lè rẹ̀wẹ̀sì láìjẹ́ pé ohunkóhun kúrò, uuljeung sì ni orúkọ àìsàn rẹ̀ lẹ́nu dókítà, kì í ṣe ohun àwàdà. Ní ti gbólóhùn tí ẹ kọ fún olùkọ́ yín, pé ilé oeropda láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n yín ti lọ sílé ọkọ, heojeonhada ló yẹ ibẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ara yín lẹ ń sọ, pé ẹ ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ fi oeropda sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.