Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Ẹgbẹ́: Iṣẹ́ Onílàjà Nínú Ọgbà Kọ́lẹ́ẹ̀jì

 

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ẹni tí ń parí ìjà nínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹnìkan lè béèrè pé, "Kí ló kan àgbẹ̀ àti oníṣòwò nínú ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì?" Ó kàn wá púpọ̀. Láti 1979, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ti wà ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, ó di ti Ọ̀ṣun. Níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá wà, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ a máa dá owó jọ nínú ẹgbẹ́, àwọn ará ìlú a máa gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé, wọn a máa ta oúnjẹ fún wọn, ọmọ wọn a sì máa kàwé níbẹ̀. Ìjà tí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà kì í pẹ́ kí ó tó dé ọjà.

OHUN TÍ Ó MÚ ÌJÀ ỌGBÀ ILÉ ÌWÉ YÀTỌ̀

Bí ẹ bá bá oníbàárà kan jà lórí iye ọjà, ó lè jẹ́ pé ọjà yẹn nìkan ni ó pa yín pọ̀. Nínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo lè dé fìlà mẹ́rin: ó lè jẹ́ olùkọ́ ọmọ yín, kí ó jẹ́ onídùúró yín nínú ẹgbẹ́, kí ó jẹ́ aládùúgbò yín, kí ẹ sì jọ wà nínú kọmíti kan náà. Nítorí náà, ìjà tí ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ fìlà kan a máa fò bọ́ sí abẹ́ fìlà mìíràn. Bí a kò bá rí ẹni yà wọ́n sọ́tọ̀, ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lè fara gbá nínú gbèsè bàbá rẹ̀.

ÀPẸẸRẸ KAN

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ là á yé ara wa. Ká sọ pé akọ̀wé ọ́fíìsì kan yá ₦400,000 nínú ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí yóò máa san ₦20,000 lóṣooṣù. Olùkọ́ kan ṣe onídùúró fún un. Àìsàn kọlu ìyàwó akọ̀wé, kò sì rí owó san fún oṣù mẹ́ta. Kọmíti mú ₦60,000 nínú owó ìfipamọ́ onídùúró. Inú bí olùkọ́, ó pe akọ̀wé ní olè níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èsì ìdánwò jáde. Ọmọbìnrin akọ̀wé yìí wà ní kíláàsì olùkọ́ náà, kò sì yege. Bàbá rẹ̀ ní, "Ó ń gbẹ̀san lára ọmọ mi." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ olùkọ́ sára ògiri. Àwọn olùkọ́ bíi tirẹ̀ ní àwọn yóò kó owó àwọn kúrò nínú ẹgbẹ́. Bí ìjà ẹni méjì ti fẹ́ tú ẹgbẹ́ ká nìyẹn.

Ta ni ó jẹ̀bi? Ẹni tí ó bá sáré dáhùn yóò ṣì í, nítorí pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n dì sínú ẹrù kan: gbèsè, máàkì àti èébú. Iṣẹ́ kìn-ín-ní tí onílàjà ní ni láti tú ẹrù náà.

Ká sọ pé ìyá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ní ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n fi ṣe onílàjà. Kò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni bí ọlọ́pàá. Ó lọ bá olùkọ́ ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, n kò wá dájọ́ o. Mo wá gbọ́ ni." Olùkọ́ ní, "Màmá, kì í ṣe owó ni ó dùn mí jù. Ó ń sá fún mi. Bí ó bá wá sọ fún mi pé ara ìyàwó òun kò yá, ṣé mo máa pariwo ni?" Ìyá náà tún lọ sílé akọ̀wé. Òun náà ní, "Ojú ni ó ń tì mí, Màmá. Ẹni tí ó ṣe mí lóore, kí ni mo fẹ́ wí fún un?"

Ẹ rí i pé ohun tí ń dun èkíní kì í ṣe ohun tí èkejì rò. Àwọn tí ń pariwo níta kò mọ èyí, nítorí kò sí ẹni tí ó jókòó gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà sì ti sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni.

Báwo ni ó ṣe yanjú rẹ̀?

1. Gbèsè jẹ́ ti kọmíti. Onílàjà mú akọ̀wé lọ síwájú wọn. Wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan pé kí ó máa san ₦15,000 lóṣù títí àìsàn yóò fi rọlẹ̀: ₦10,000 fún ẹgbẹ́, ₦5,000 fún onídùúró. Ní oṣù méjìlá, ₦60,000 onídùúró yóò ti pé. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i.

2. Máàkì jẹ́ ti ilé ìwé. Onílàjà kò sọ fún olùkọ́ pé, "Ẹ dákun, ẹ bá wa fi díẹ̀ kún un." Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, ó ti sọ ìlàjà di màgòmágó. Ohun tí ó ṣe ni pé ó ní kí ọmọ náà kọ ìwé sí olórí ẹ̀ka rẹ̀, kí olùkọ́ mìíràn tún ìwé ìdánwò náà wò. Bí èsì kò bá yí padà, kí bàbá gbà á. Bí ó bá yí padà, ilé ìwé ni yóò bi olùkọ́ léèrè.

3. Èébú ni ti onílàjà fúnra rẹ̀. Níwájú àwọn tí wọ́n gbọ́ èébú ni olùkọ́ ti tọrọ gáfárà. Ibẹ̀ náà ni akọ̀wé ti dúpẹ́ oore tí ó ti yẹ kí ó dú tipẹ́.

ÌWÀ TÍ Ó YẸ ONÍLÀJÀ

Onílàjà kì í ṣe adájọ́, kò sì ní ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́. Ohun mẹ́rin ni agbára rẹ̀. Èkíní, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ní èrè nínú ọ̀rọ̀ náà. Èkejì, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ tọ̀tún tòsì. Ẹ̀kẹta, ohun tí a bá sọ fún un ní kọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ di ohun tí à ń gbọ́ ní ilé ẹlẹ́mu. Ẹ̀kẹrin, kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn, ìbáà ṣe orí iṣu kan.

Irú ipò yìí kì í ṣe tuntun. Orílẹ̀-èdè Swídìn ti fi ẹni tí yóò máa gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú sí òfin wọn láti 1809. Ní Kánádà, Yunifásítì Simon Fraser bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwé ní 1965, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gan-an ni ó sì gbé e dìde. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tí ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú sílẹ̀ ní 1975.

KÍ A TÈTÈ DÁ SÍ I

Àwa tí a wà ní Ìlá mọ̀ nípa ẹmu. Ẹmu tí a kò tètè gbé sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ yóò kan. Bẹ́ẹ̀ ni ìjà rí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì 1971, ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ di ìfẹ̀hónúhàn, ìfẹ̀hónúhàn sì di ìbọn ọlọ́pàá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kúnlé Adépéjú, kú níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 1978, nígbà tí ìjọba fi owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ kún láti 50 kọ́bọ̀ sí ₦1.50 lójúmọ́, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ káàkiri. Akíntúndé Òjó kú ní Yunifásítì Èkó, àwọn mìíràn sì kú ní Zaria. Ọ̀rọ̀ abọ́ oúnjẹ ni méjèèjì kọ́kọ́ jẹ́. Nígbà tí ó ti di ọ̀rọ̀ ta ni yóò borí, ó ti kọjá ohun tí ẹnu lè parí.

Ìtàn tiwa náà kọ́ wa. A gbọ́ pé ní Ìlá-Yàrà ni àwọn ọmọ ọba ti fa ọ̀rọ̀ oyè, tí wọ́n fi yapa, tí apá kan lọ sí Òkè-Ìlá, tí apá kejì sì tẹ Ìlá-Ọ̀ràngún dó. Ọmọ ìyá ni wá títí di òní, ṣùgbọ́n ìlú ti di méjì.

OHUN TÍ ONÍLÀJÀ KÒ GBỌDỌ̀ PARÍ

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí yìí. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni a ń là. Bí ọkùnrin bá fi ipá bá ọmọbìnrin lò pọ̀, bí olùkọ́ bá ń béèrè ara ọmọ kí ó tó fún un ní máàkì, bí wọ́n bá fi ohun ìjà lé èèyàn, tàbí bí akápò bá kó owó ẹgbẹ́ jẹ, "ẹ jẹ́ kí a parí rẹ̀ nílé" kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 1999, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn wọ ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. George Iwilade, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, wà lára wọn. Irú èyí jẹ́ ti ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́. Onílàjà tí ó bá bo irú rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti di ẹlẹ́gbẹ́ ọ̀daràn.

ÈYÍ TÍ Ó KAN ẸGBẸ́ WA

Òfin Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù ti Nàìjíríà, èyí tí ó jáde ní 1993, sọ pé bí ìyàn bá dé nípa iṣẹ́ ẹgbẹ́ láàárín ọmọ ẹgbẹ́, tàbí láàárín ọmọ ẹgbẹ́ àti kọmíti, a ó gbé e lọ bá Olùdarí Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù. Ó lè dá a fúnra rẹ̀, ó sì lè yan ẹlòmíràn láti dá a. Ìdájọ́ nìyẹn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ Olùdarí, àyè wà fún onílàjà. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí kò bá sí ọ̀rẹ́ nínú rẹ̀ kò ní rí onídùúró.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan onílàjà méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, ní ìpàdé gbogbogbòò, nígbà tí kò sí ìjà. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ alága, akọ̀wé tàbí akápò. Ẹni tí a bá yàn nígbà tí ìjà ti dé, apá kan yóò ní tàwọn kejì ni.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ YÍN

1. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, kí ni ìbá ṣẹlẹ̀ bí onílàjà bá bẹ olùkọ́ pé kí ó fi máàkì kún un?
2. Nínú ẹgbẹ́ yín, ta ni ẹ lè fi àṣírí lé lọ́wọ́? Ẹ má dá orúkọ rẹ̀ níwájú ìpàdé. Ẹ kọ ọ́ sínú bébà kékeré, kí ẹ kà á pọ̀.
3. Ẹ dárúkọ ọ̀rọ̀ méjì tí ẹ kò gbọdọ̀ gbé fún onílàjà, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí sókè fún àwọn tí kò lè kà á fúnra wọn. Kí akọ̀wé sì kọ ìpinnu ìpàdé sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, kí a lè rí i nígbà tí a bá wá bẹ̀ yín wò.