Àyè Ìkẹ́kọ̀ọ́ fún Ọmọ Nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí kò ti inú ìwé wá. Inú ilé ni ó ti wá. Nígbà tí a rán àwa mẹ́ta lọ sí agbègbè Imeke, ní ìhà Àgbádárìgì, láti lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, a rò pé a ti gbára dì. A mọ bí a ti ń kọ ètò ẹ̀kọ́ sílẹ̀, a mọ bí a ti ń dúró níwájú pátákó, a sì mọ bí a ti ń béèrè ọ̀rọ̀ kí ọmọ lè ronú. Ohun tí a kò mọ̀ ni ibi tí ọmọ ń gbé ẹ̀kọ́ náà lọ nígbà tí aago bá lù tí olúkúlùkù sì kọrí sí ilé rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì kẹrin tí ó wà ní ìkáwọ́ wa. Ó gbọ́n, a sì máa yára nawọ́ sókè bí a bá béèrè ìṣirò àfọkànṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá fún un ní iṣẹ́ àṣetiléwá, kì í ṣe é. Bí ó bá sì ṣe é, ìwé náà yóò kún fún epo, ìlà ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sì wọ́ bí ipa ejò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni èyí fi ń bá a lọ. A bá a wí, kò yí padà. A ní kí ó kúnlẹ̀ ní ẹ̀yìn kíláàsì. Ó kúnlẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ tí ó mú ìwé kan wá tí ojú ewé mẹ́rin ti ya kúrò nínú rẹ̀, a ti ń wá ẹgba kiri kí ọ̀kan nínú wa tó wí pé, "Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé e délé ná."

Yàrá kan ni a bá, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré. Ènìyàn mẹ́fà ni ó ń sùn níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń dín àkàrà tà ní iwájú ilé láti ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ọmọ náà dojú bolẹ̀ lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ìyá rẹ̀, ó ń kọ̀wé pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì kan tí a so kọ́ sókè ìsọ̀ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ náà wà, nítorí náà òjìji orí àti èjìká ara rẹ̀ ni ó bo ìwé mọ́lẹ̀. Bí oníbàárà bá dé, yóò dìde, yóò wá ọ̀rá, yóò ka ṣéńjì, yóò sì tún padà wá dojú bolẹ̀. Ojú ewé mẹ́rin tí ó ya ńkọ́? Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ni ó fà wọ́n ya láti fi wé àkàrà nígbà tí bébà tán.

Ìyá àgbà ilé náà jáde sí wa. "Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà. Ṣé ọmọ yìí tún ti ṣe nǹkan ni?"

A ní, "Rárá o, Màmá, a kàn ní kí a wá kí yín ni."

Nígbà tí a béèrè ibi tí ọmọ náà ti ń kàwé nílé, wọ́n wò wá títí. "Ẹ̀yin ọmọ mi, yàrá náà ni ẹ ń wò yìí. Bí a bá gbé tábìlì síbẹ̀, níbo ni kí àwa sùn sí?"

A kò rí èsì fún wọn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bí a ti ń padà lọ, kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú wa, nítorí ìkúnlẹ̀ tí a mú ọmọ náà kúnlẹ̀ ni olúkúlùkù wa ń rò.

Ẹ jẹ́ kí a yà bàrá díẹ̀. Ilẹ̀ Àgbádárìgì yìí kan náà ni ẹ̀kọ́ ìwé ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù September ọdún 1842, De Graft àti ìyàwó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé níbẹ̀ ní ọdún 1843. Ní ọdún 1845 ni àwọn ará C.M.S. dé, tí Gollmer, Townsend àti Samuel Ajayi Crowther wà nínú wọn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a kọ́ nígbà náà ṣì dúró lẹ́bàá ọ̀sà di òní. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé míṣọ̀n ayé ìgbà náà ń gbé inú ọgbà míṣọ̀n. Ẹni tí ó kọ́ ọmọ ní òwúrọ̀ ni ó ń tan àtùpà fún un ní alẹ́. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù January ọdún 1955, tí Àgbádárìgì sì wà lábẹ́ rẹ̀, àti nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Lateef Jakande tún sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ láti ọdún 1979, ilẹ̀kùn ilé-ìwé ṣí sílẹ̀ fún ọmọ gbogbo ilé. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n tábìlì àti àtùpà ọgbà míṣọ̀n kò bá àwọn ọmọ náà délé, àwa olùkọ́ sì ń bá a lọ láti fún wọn ní iṣẹ́ alẹ́ bí ẹni pé wọ́n wà níbẹ̀.

Nísinsin yìí, kí ni a lè ṣe nínú ilé oníyàrá kan?

Ìmọ́lẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ rò, kí a tó ro tábìlì rárá. Ní etíkun wa yìí, láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje lé díẹ̀ ni oòrùn ń wọ̀, ìbáà ṣe ìgbà òjò tàbí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọ tí ó kúrò ní ilé-ìwé ní aago méjì ṣì ní wákàtí mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ojú ọ̀run mọ́lẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí àtùpà ilé kan tí ó tó ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí ni ó ń gba wákàtí wọ̀nyí? Omi pípọn ni, àti ẹ̀wà tí a ó bó, àti àgbọn tí a ó gbé kiri tà. A kò sọ pé kí ọmọ má ṣe iṣẹ́ ilé. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ bí ilé ti ń jẹun. A kàn bẹ ìyá ọmọ náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní aago márùn-ún, kí àkàrà tó bẹ̀rẹ̀ sí gba ọwọ́. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ẹ gba ogún ìṣẹ́jú, tíṣà." A gbà á, nítorí ogún ìṣẹ́jú tí ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fúnni sàn ju wákàtí kan tí a fi ọ̀rọ̀ gbà lọ. (Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ọgbọ̀n.)

Bí ó bá di dandan kí ọmọ kàwé ní alẹ́, nǹkan méjì ni kí a kíyèsí. Èkíní ni ìhà tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ọmọ tí ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni kí ìmọ́lẹ̀ ti máa wá, láti òkè díẹ̀, kí òjìji ọwọ́ má bàa bo ohun tí ó ń kọ. Fún ọlọ́wọ́ òsì, kí a yí i padà. Èkejì ni bí ó ti jìnnà tó. Bí a bá sún àtùpà tí ó wà ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìwé sẹ́yìn dé ẹsẹ̀ bàtà méjì, ìdajì ìmọ́lẹ̀ kọ́ ni yóò kù lórí ìwé. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Bí ó bá di ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ni. Nítorí náà, tọ́ọ̀ṣì kékeré tí ó wà nítòsí ìwé ṣe ọmọ láǹfààní ju gílóòbù tí ó tàn ní ìgun yàrá lọ. A fi èyí han ọmọ náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì inú fóònù wa, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí a tún un ṣe.

Ní ti àtùpà oníkẹrosíìnì, a mọ̀ pé òun ni ó tọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa dàgbà nínú ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, ní ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani nímọ̀ràn pé kí a má ṣe lo kẹrosíìnì nínú ilé mọ́, nítorí èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kẹrosíìnì tí a lú mọ́ bẹntiróòlù sì ti jó ènìyàn púpọ̀ ní ilẹ̀ wa. Àtùpà kékeré tí ń gba agbára láti ara oòrùn dára jù, bí a bá lè rí owó rẹ̀. Kí a sì yan ẹni tí yóò máa gbé e síta ní òwúrọ̀. Iṣẹ́ àbúrò tí ó ya ìwé ni a sọ ọ́ dà nílé yìí, kò sì tíì gbàgbé lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀rọ̀ tábìlì kò gùn. Ìbéèrè ìyá àgbà ni ó kọ́ wa lọ́gbọ́n: ohun tí a ń fẹ́ ni tábìlì tí kò gba àyè. A mú pákó kan, káfíńtà sì fi irin tí a fi ń so ilẹ̀kùn mọ́ férémù kàn án mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ìhà tí ó kọ ẹ̀yìn sí ìsọ̀. Nígbà iṣẹ́, a gbé e sókè, a sì fi igi méjì tì í. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, a jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀ mọ́ ògiri, ilẹ̀ sì ṣí fún ẹní. Fún ọmọ tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́rin ààbọ̀, kí ìjókòó jẹ́ bí ínǹṣì mẹ́rìnlá láti ilẹ̀, kí tábìlì sì jẹ́ bí ínǹṣì mẹ́tàlélógún. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n, kí ó mú ọmọ jókòó: àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ balẹ̀ pẹrẹsẹ, pákó sì gbọ́dọ̀ bá ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ dọ́gba. Ògiri ni kí ojú rẹ̀ kọ sí, kì í ṣe òpópónà, nítorí ojú ọmọ a máa tẹ̀lé ọ̀kadà.

Ìwé pẹ̀lú nílò ilé. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà lọ́rinrin. Ìwé tí a fi sílẹ̀ lásán a máa bu ní ìgbà òjò, ikán sì ń ti ilẹ̀ wá, aáyán ń ti òkè wá. Agolo bísíkíìtì ńlá tí ó ní ìdérí, tí a gbé kọ́ sára ògiri, tó fún ìwé ọmọ kan. Ó tún gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ń wá bébà àkàrà.

Ìyá ọmọ náà sọ fún wa pé òun kò mọ̀wé, pé kí ni òun lè ṣe. Ègùn ni wọ́n ń sọ nílé, Yorùbá ní ọjà, Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú ìwé. A ní kí ó máa bi ọmọ náà ní alẹ́ ohun tí ó kà, kí ọmọ sì sọ ọ́ fún un ní Ègùn. Àwọn kan lè rò pé èyí yóò fa Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sẹ́yìn. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ọmọ tí ó lè tú ẹ̀kọ́ sí èdè ìyá rẹ̀ ti yé e.

A kò fẹ́ fi pamọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ yìí dá iyàn sílẹ̀ láàárín wa. Ọ̀kan nínú wa ní kí a má tilẹ̀ fún ọmọ kíláàsì kẹrin ní iṣẹ́ àṣetiléwá mọ́. Pé pákó kan lára ògiri ilé kan kò tán ìṣòro ọgọ́rin ọmọ, àti pé ilé-ìwé ni ó yẹ kí ó fi kíláàsì kan sílẹ̀ ní ṣíṣí títí di aago mẹ́rin. Ó mú àpẹẹrẹ ìlú Conakry ní orílẹ̀-èdè Guinea wá, níbi tí ìròyìn ọdún 2007 ti sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ jókòó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí pápákọ̀ òfuurufú ní alẹ́ láti kàwé lábẹ́ iná rẹ̀, nítorí ilé wọn ṣókùnkùn. Ó ní bí ọmọ bá lè wá ìmọ́lẹ̀ dé pápákọ̀ òfuurufú, yóò jókòó sí kíláàsì tí a bá ṣí fún un. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, a sì bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa láti gbé e yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń retí ní ìsọ̀ kò lè dúró ní kíláàsì títí di aago mẹ́rin, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ ní Imeke.

Nínú iṣẹ́ mẹ́wàá tí a fún ọmọkùnrin náà lẹ́yìn tí a kan pákó, ó mú mẹ́jọ wá. Ọ̀kan nínú méjì tí ó kù, ìyá àgbà ti to ọṣẹ sórí pákó náà fún títà, ojú sì ti ọmọ láti sọ fún wọn pé kí wọ́n kó o kúrò. Ìkejì, kò ṣe é, kò sì ní àwáwí. A kò mú un kúnlẹ̀. A pè é sí apá kan, a sì bẹ̀ ẹ́ fún ti ìṣáájú. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, tíṣà," ó sì sáré lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a fi kúrò níbẹ̀, ó sì ń ta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ìhà ọ̀sà. Ìyá àgbà ti ránṣẹ́ pe káfíńtà pé kí ó wá tú pákó náà kàn sí inú yàrá, ní ẹsẹ̀ ibùsùn àwọn fúnra wọn.