Wọ́n Ń Yọ Nínú Owó Oṣù Mi

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ilé-iṣẹ́ oníke kan ní Ọ̀gbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. ₦45,000 ni wọ́n ń san fún mi lóṣù. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, wọ́n á tún yọ ₦3,000. Kí ni kí n ṣe? (Òṣìṣẹ́ kan, Maryland, Èkó)

Ìdáhùn: Ìyà gidi nìyẹn, ẹ má sì gbà á mọ́ra. Láti oṣù Keje 2024, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí, bí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá tó 25. Ti owó tí wọ́n ń yọ ló dùn mí jù: òfin kò gba ọ̀gá láyè láti bu owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ yín ló ba ẹ̀rọ jẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé. Ẹ tọ́jú gbogbo álàátì báńkì yín, kí ẹ gbé e lọ sí OPD (Office of the Public Defender), ọ́fíìsì ìjọba Èkó tó ń gbèjà aráàlú. Ọ̀fẹ́ ni agbẹjọ́rò wọn.