Agbọ́n Lábẹ́ Òrùlé: Ohun Tó Yẹ Kí Á Mọ̀ Kí Á Tó Fọwọ́ Kàn Án



Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí a máa ń kọ sí ojú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ agbọ́n àti oyin ni. Ohun tó fà á nìyí. Nígbà kan tí a lọ bẹ àwọn ọmọ òrukàn kan wò, a rí ìtẹ́ agbọ́n kan lábẹ́ òrùlé, lókè ẹnu ọ̀nà. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. A gbé ìrẹsì kalẹ̀, a bi ìyá wọn léèrè nípa owó ilé-ìwé, a ṣe àdúà, a sì lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó sọ nǹkan kan nípa ìtẹ́ náà.

Nígbà tí a fi máa padà débẹ̀, ìtẹ́ ti tóbi. Ọmọkùnrin ilé náà ti sọ òkò lù ú, agbọ́n sì ti ta àbúrò rẹ̀ obìnrin lójú àti létè. A bá ìyá wọn pẹ̀lú kẹrosíìnì àti ìṣáná lọ́wọ́. Ó ní, "Alfa, òní ni n ó jó wọn run." Bẹ́ẹ̀ sì rèé, pákó ni wọ́n fi ṣe àjà ilé náà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun pé a dé kí ó tó ṣáná, ojú ọmọ náà sì ti sàn. Ṣùgbọ́n àwa pàápàá ní ẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ náà. A rí ìtẹ́ yìí nígbà tó kéré, a kò ṣe nǹkan kan.

ÈWO NÍNÚ WỌN NI?

Ohun àkọ́kọ́ ni kí á mọ irú èyí tí a ń bá jà, nítorí ìwà wọn kò dọ́gba. Abo wọn nìkan ló ń ta ènìyàn.

1. Agbọ́n tí ìtẹ́ rẹ̀ dà bí ìwé. Ara rẹ̀ gùn, ìbàdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì máa rọ̀ sílẹ̀ bó bá ń fò. Ó máa ń họ igi gbígbẹ, yóò fi itọ́ pò ó, yóò sì fi kọ́ ìtẹ́ aláwọ̀ eérú tó ní ihò wẹ́wẹ́. Ìtẹ́ náà a máa so rọ̀ lábẹ́ òrùlé, lẹ́yìn fèrèsé, tàbí láàrin igi ọsàn àti òdòdó. Bí a bá mi ìtẹ́ yìí, wọn yóò jáde jà. Agbọ́n kan ṣoṣo lè ta ènìyàn léraléra, nítorí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í kù sí ara ẹni. Àmọ́ ó ń ṣe wá lóore pẹ̀lú, torí ó máa ń pa kòkòrò tó ń jẹ ewé ọ̀gbìn láti fi bọ́ ọmọ rẹ̀. Bí ìtẹ́ rẹ̀ bá jìnnà sí ibi tí ènìyàn ń gbà, ẹ fi í sílẹ̀.

2. Agbọ́n tí ń fi amọ̀ kọ́lé. Ẹ ó rí amọ̀ rẹ̀ lára ògiri bí ẹni pé ọmọdé ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Òun nìkan ló ń dá gbé. Alántakùn ló máa ń kó sínú ilé náà fún ọmọ rẹ̀. Kì í gbèjà ìtẹ́ rẹ̀, kì í sábà ta ènìyàn àfi tí a bá dì í mú. Ẹ fi ọ̀bẹ ha amọ̀ náà kúrò, ó tán.

3. Oyin. Ó kúrú ju agbọ́n lọ, irun sì wà lára rẹ̀. Ó máa ń gba ihò kékeré wọ orí àjà, inú dúróòmù òfìfo tàbí ihò igi. Bó bá ta ènìyàn, abẹ́rẹ́ rẹ̀ yóò kù sí ara onítọ̀hún, òun náà yóò sì kú. Oyin ilẹ̀ wa kì í pẹ́ bínú. Òórùn tó ń jáde lára oyin tó bá ta ènìyàn, tó jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, ló ń pe àwọn yòókù wá sójú ìjà. Bí ẹ bá rí oyin tó ṣù mọ́ ẹ̀ka igi, tí kò ì tíì ní ilé, ẹ má fọwọ́ kàn án. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí yóò fi bá tirẹ̀ lọ.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN WÍ

Ọlọ́hun fi orúkọ oyin pe Suratu-n-Nahl, ìkẹrìndínlógún nínú Àlùkùránì, Ó sì jẹ́ kí á mọ̀ níbẹ̀ pé ìwòsàn wà nínú ohun tó ń ti inú rẹ̀ jáde. Nínú hadiisi tí Abu Dawud gbà wá, oyin àti èèrà wà lára ẹ̀dá mẹ́rin tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún wa láti pa. Ó tún kọ̀ fún wa láti fi iná jẹ ẹ̀dá níyà. Èyí kò ní kí á jókòó kí agbọ́n máa ta ọmọ wa. Ohun tó bá ń pani lára, a lè mú un kúrò, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ní ọ̀nà tó tọ́. Ẹ rí i pé ohun tí ẹ̀sìn kọ̀ ló tún lè jó ilé opó.

BÍ A ṢE LÈ MÚ UN KÚRÒ

Ìtẹ́ agbọ́n tó kéré, tí agbọ́n inú rẹ̀ kò pọ̀, tí a sì lè dé ibẹ̀ láì gun àkàbà, ni kí á dá ṣe fúnra wa. Ẹ dúró di alẹ́, nígbà tí gbogbo wọn ti wọlé. Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò nítòsí. Ẹ wọ aṣọ tó bo ọwọ́, ẹsẹ̀, ọrùn àti ojú. Ẹ má mú tọ́ọ̀ṣì dání, ẹ gbé e sílẹ̀ lápá kan, nítorí ibi ìmọ́lẹ̀ ni wọn yóò fò lọ. Ẹ fọ́n oògùn apakòkòrò sí i bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí ara agolo rẹ̀. Omi tí a po ọṣẹ sí dáadáa náà ń pa wọ́n. Ní ọjọ́ kejì, bí ẹ kò bá rí èyí tó ń fò mọ́, ẹ fi igi gígùn gbá a wálẹ̀, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀.

Bí ìtẹ́ bá tóbi, tàbí tó wà lókè, tàbí tí ẹnì kan nínú ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nígbà kan rí nítorí agbọ́n tàbí oyin, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Ní ti oyin, àwọn tí ń sin oyin ni kí ẹ pè. Wọ́n lè kó o lọ láàyè.

Kí wọ́n má baà padà wá, ẹ dí ihò abẹ́ òrùlé àti àjà, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, ẹ bo ilẹ̀ àti èèpo èso, ẹ sì ṣa máńgòrò tó bá jábọ́.

BÍ Ó BÁ TA ÈNÌYÀN

Bí oyin bá ya boni, ẹ bo ojú, ẹ sáré wọ ilé, kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ má bẹ́ sínú omi, nítorí wọn lè dúró dè yín lókè rẹ̀. Ẹ yára yọ abẹ́rẹ́ tó bá kù sára. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, ẹ gbé aṣọ tí a rẹ sínú omi tútù lé e. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ni, ẹ bọ́ òrùka kí ó tó wú.

Ṣùgbọ́n bí ahọ́n tàbí ètè bá ń wú, tí ara sú káàkiri, tí èémí kò já gaara, tí ó ń bì tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ má fi àgbo tàbí epo pupa dá a dúró. Ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ adrenaline. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lè jẹ́ ààlà ìyè àti ikú. Bákan náà ni ẹni tó gba oró púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá ọmọdé, tàbí ẹni tí ó ta lẹ́nu tàbí lọ́fun.

Ẹ̀yin ará wa, ilé opó púpọ̀ ni kò ní ọkùnrin tó lè gbójú sókè wo òrùlé. Nígbà tí ẹ bá tún lọ gbé sáká tàbí sàráà fún wọn, ẹ wo abẹ́ òrùlé, ẹ̀yìn fèrèsé àti àyíká ibi tí wọ́n ti ń pọn omi. Bí ẹ bá rí ìtẹ́, ẹ má kọjá lọ bí àwa ti ṣe. Ẹ sọ fún ìyá ilé, ẹ bá a wá ẹni tí yóò ṣe é, ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ pé a kì í sọ òkò lu agbọ́n.

Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó sì gba iṣẹ́ rere lọ́wọ́ wa. Aamiin.